Ẹni Tó Jẹ Òkè Orin

Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni obìnrin náà ń ṣe, kì bá tí rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún méjì rèé tó ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì: èyí tí bàbá rẹ̀ mọ̀, àti èyí tí bàbá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Àkọ́bí ni bàbá ń pè é, gbogbo ilé-iṣẹ́ sì ti bá a pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi di orúkọ.

Iṣẹ́ tí bàbá mọ̀ kò ṣòro ṣàlàyé. Orin ọ̀kẹ́sítírà àtijọ́, èyí tí wọ́n gbà sórí téèpù nígbà tí àwọn tó ń ta fayolíìnì inú rẹ̀ ṣì ní eyín lẹ́nu, ni wọ́n ń tún ṣe, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ jáde sórí àwo tuntun. Àwo ọ̀hún nípọn, ó wúwo lọ́wọ́, àwọn tó ń rà á a sì máa fi aṣọ fẹ́lẹ́ nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé téèpù sínú àpótí agbóná fún odindi ọjọ́ kan, nítorí téèpù tó bá ti gbó a máa lẹ̀ mọ́ra, béèyàn bá sì fi ipá yí i, orin inú rẹ̀ á bó bí èépá. Lẹ́yìn náà ni bàbá á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á yọ ìró tó ń ta pàpà kúrò, á gbé ibi tó rẹlẹ̀ jù sókè, á fa ibi tó ga jù wálẹ̀. Tó bá parí, á bu ọwọ́ lù ú. Àkọ́bí ni olùgbọ́ kejì: òun náà á gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, á bu ọwọ́ tirẹ̀ lù ú, á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ àwo.

Elétí ni wọ́n ń pe bàbá náà, kì í sì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó lè gbọ́ ọ nínú orin pé ẹnì kan ṣí ìwé tó wà níwájú rẹ̀, kó sì sọ fún ọ pé ọwọ́ òsì lonítọ̀hún fi ṣí i. Ti ọwọ́ òsì yẹn, irọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló láyà láti já a? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Àkọ́bí nígbà tó ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú yàrá yìí. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa gbígbọ́ nǹkan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Iṣẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tó ń gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí fayolíìnì inú rẹ̀ sì ń gún un létí bí abẹ́rẹ́. Ohùn tó ga jù lọ nínú orin, òkè orin làwọn ń pè é: ìró tín-ín-rín tí irun ọrun fayolíìnì ń ṣe, dídán tó máa ń kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa àwo idẹ méjì pọ̀. Bàbá ti fa òkè náà ga kọjá ààlà. Àkọ́bí rò pé àṣìṣe ni. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó yé e, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gan-an. Etí arúgbó, láti òkè ló ti ń kú wálẹ̀. Ohun tí bàbá kò gbọ́ mọ́ ló ń wá kiri, tó ń fà sókè kó lè bá a.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Àkọ́bí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí bàbá bá ti bu ọwọ́ lù ú, tó gbé báàgì rẹ̀ lọ sílé, á padà sídìí kọ̀ǹpútà, á fa òkè náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ara orin á fi balẹ̀, kó tó fi ránṣẹ́. Àwo mẹ́sàn-án ló ṣe báyìí. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin ní ṣe ni iṣẹ́ Elétí ń dùn sí i bó ṣe ń dàgbà. Bàbá ń ka ìyìn náà sókè nídìí oúnjẹ, ọmọ ń mi orí. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ojú ń ta á, ọkọ rẹ̀ sì ti dẹ́kun bíbéèrè ìdí tí kì í fi í tètè délé.

Ì bá ṣì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà ní ẹ̀rọ àwo nílé, ó sì máa ń gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwo keje dé, ó ní òkè orin òun kò pé. Ti ìkẹjọ, ó kùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ìkẹsàn-án dé, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àwọn tó ń tẹ àwo.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni èsì dé. Bàbá gbé e wọ sítúdíò, ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jàre ní kóòtù.

"Àkọ́bí, ṣé mo sọ fún ẹ àbí n ò sọ? Àwọn yẹn náà ló ń jẹ òkè orin mi."

"Kí ni wọ́n wí, Bàbá?"

"Wọ́n ti rí ẹni tó ń ṣe é." Ó wọ awò ojú rẹ̀. "Obìnrin kan tó ń dúró ti ẹ̀rọ. O ṣáà mọ̀ pé tí irin òǹtẹ̀ tó ń tẹ orin sára àwo bá ti tẹ̀ ẹ́ dé iye kan, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀, torí ẹnu ẹ̀ ti ń jẹ nìyẹn, òkè orin ló sì kọ́kọ́ máa ń lọ. Òun ló yẹ kó máa pààrọ̀ ẹ̀. Ó ní òun ń pààrọ̀ ẹ̀, wọn ò gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti wà níbẹ̀. Lọ́la ni wọ́n máa lé e."

Àkọ́bí fa àga, ó jókòó.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fojú fò ó. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má lé e."

"Ká fojú fo kí ni? Ẹni tó ń ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, ká wá pọ̀n ọ́n sẹ́yìn? O kú àánú."

"Ó lè má jẹ́ òun."

"Ta wá ni? Èmi?" Bàbá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Àkọ́bí kò tó ogún, ọdún méjì péré ni, ó sì ti jẹ ẹ́ dé egungun. Ó ro ti obìnrin tí kò rí rí náà, tó ń pariwo pé òun pààrọ̀ òǹtẹ̀, tó sì pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ń bà á. Ojú obìnrin yẹn ń tì í ju ẹ̀rù lọ.

"Bàbá, èmi ni. Tẹ́ ẹ bá ti lọ sílé, mo máa ń fa òkè ẹ̀ wálẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́."

"Kí lo wí?"

"Ó ti máa ń pọ̀ jù, Bàbá. Ó máa ń gún èèyàn létí. Ẹ ò gbọ́ ọ ni. Ẹ má bínú. Etí yín ti ń lọ."

Ó ti múra de ìbínú. Bàbá kàn ká lẹ́tà náà sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún méjì."

"Àwo mélòó?"

"Mẹ́sàn-án."

"Àwọn tí wọ́n yìn yẹn?"

Àkọ́bí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ju lẹ́tà sórí tábìlì.

"Irọ́ ni. Etí wo ló lọ, etí tèmi yìí? Gbé ohùn àdánwò sí i."

Ohùn àdánwò ni ohùn gbọọrọ kan tí wọ́n fi ń yẹ sípíkà wò, tó ń gòkè ní ìpele-ìpele. Bàbá fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún àwọn ẹni tuntun pé kí wọ́n lọ yẹ etí wò lọ́dọọdún. Ìwé tí ilé ìwòsàn fi pe òun alára, mẹ́rin ló wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, kò ṣí ọ̀kan. Ó yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó wo kọ̀ǹpútà.

"Tí mo bá ti gbọ́ ọ, màá na ìka."

Àkọ́bí tẹ èyí tó rẹlẹ̀. Ìka bàbá nà. Ó gbé e sókè, ìka nà. Ó tún gbé e sókè, ìka nà kíá, ó tilẹ̀ ń fi ṣe fáàrí. Ní ìpele kẹrin, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó nà. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ohùn náà jáde tín-ín-rín, ó ń ro Àkọ́bí léyín. Ìka bàbá wà lórí itan rẹ̀. Ó ń dúró. Àwọn méjèèjì ń dúró.

"Ó yá, tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí," ni bàbá wí.

"Ó ti ń dún, Bàbá."

Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni Àkọ́bí rí. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

"Ó ti pẹ́?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Bàbá kò yíjú padà. Ó yọ fóònù nínú àpò, ó pe ọ̀gá àwọn tó ń tẹ àwo.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Elétí ni. Ẹ má lé obìnrin yẹn. Ohun tá a fi ránṣẹ́ sí yín lẹ tẹ̀, kò sí àbùkù níbẹ̀." Ó tẹ́tí sí ọ̀gá. "Rárá, kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mi ò gbọ́ ọ. Ẹ ẹ́n, etí mi. Mo ní etí mi ti lọ, ṣé kí n tún un sọ ni?" Ó tún tẹ́tí. "Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán? Ọmọ mi ló ṣe wọ́n. Ó ṣe é dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún obìnrin yẹn ní fóònù, kí n bẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Màá dúró."

Àkọ́bí ti ń retí ọjọ́ tí ẹrù yìí máa kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó kúrò báyìí, ọrùn kò sì fúyẹ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, eyín rẹ̀ ń ro ó, kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ro ó. Ìgbà náà ló rántí ohùn àdánwò. Kò tíì pa á. Látìgbà tí bàbá ti ń sọ̀rọ̀ ló ti ń hó lé wọn lórí.

Ó rọra na ọwọ́, ó pa á. Bàbá ṣì ń dúró, fóònù wà létí rẹ̀, ojú rẹ̀ kọ ògiri. Kò mọ̀ pé nǹkan kan dákẹ́ nínú yàrá.