Ọjọ́ Tí Katakata Wọ Ilé Ẹṣin

“Ta ló tan katakata?” Adùnọlá bi Constant, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà.

“Davi, àbúrò ọkọ yín ni,” Constant dáhùn. Èdè Mina ni àwọn méjèèjì jọ ń sọ, Davi sì ni Constant máa ń pe Adùnọlá láti fi bọ̀wọ̀ fún un. “Ó ní òun ò lè máa fi orí ru koríko nígbà tí ẹ̀rọ wà nílẹ̀. Ó ti wà á wọ inú ilé ẹṣin.”

“Inú ilé ẹṣin kẹ̀?”

Adùnọlá kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ju ìjánu tó ń nù sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀, Constant sì sá tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ tó ti dé ọgbà ẹṣin yìí ní Légbassito, nítòsí Lomé, kò sí ẹni tó wa katakata wọ inú ilé ẹṣin rí. Àwọn ẹṣin kò fẹ́ ariwo, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ lè máa ṣàn jáde. Nǹkan tó bá ní táyà kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀ láìsí òkúta lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Akínyẹlé, ará Atakpamé tó ṣe ọ̀gá ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà fi odindi ọdún kan dúró tì í kó tó gbà kí ó dá katakata wà.

Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ló gbọ́ igbe. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ẹṣin ló ké, àmọ́ ó mọ̀ pé ẹṣin kọ́.

Èéfín ti kún inú ilé. Katakata wà láàárín, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí ìjókòó. Fìlà Ràṣídì, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni Adùnọlá kọ́kọ́ rí nílẹ̀, kó tó wá rí Ràṣídì fúnra rẹ̀. Táyà ńlá ẹ̀yìn ti fún un mọ́ ògiri láti itan wálẹ̀. Ìdì koríko kan ló já bọ́ sẹ́yìn katakata, Ràṣídì sì sọ̀ kalẹ̀ láti gbé e kúrò. Kò fa bíréèkì ọwọ́, kò fi òkúta sí ẹ̀yìn táyà, ni katakata bá rọra yí wá sẹ́yìn, ó wá bá a níbi tó ti tẹ̀ba.

Àyà Adùnọlá já. Ó sáré sún mọ́ ọn.

Ẹ̀gbẹ́ ibi tí Ràṣídì há sí gan-an ni yàrá Caramel wà, abo ẹṣin pupa kan tí kì í fẹ́ kí wọ́n fi abọ́ lu abọ́ létí òun. Caramel ti ya wèrè. Ó ń ta ilẹ̀kùn pákó nípàá, pákó ọ̀hún sì ti ń sán. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá lọ, orí Ràṣídì ni ẹṣin náà yóò gbà jáde.

“Ìyàwó!” Ràṣídì pariwo. Òógùn bò ó lójú. “Má fọwọ́ kàn án o! Lọ pe ọkùnrin wá!”

“Ọkọ mi, ẹ rọra, ẹ má mira.”

“Mo ní kó o lọ pe ọkùnrin wá!”

Ọkùnrin wo? Ọkùnrin tó wà nítòsí kò ju Constant lọ, Constant tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá máa ń gbé e ṣubú.

Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ kí táyà tó yí. Ràṣídì ni àbúrò tó tẹ̀ lé Sùlìámọ́nù, ọkọ Adùnọlá. Bó bá ṣe ti ọjọ́ orí ni, Adùnọlá jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sílé kí wọ́n tó gbé Adùnọlá wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, kì í ṣe àbúrò rẹ̀. Ìyàwó kì í sì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ọjọ́ tí wọ́n mú Adùnọlá dé Pobè, ìlú ọkọ rẹ̀, ló ti wo àwọ̀ Ràṣídì tó dúdú tó ń dán, ló bá sọ ọ́ ní Adúmáadán. Láti ìgbà náà, Ràṣídì kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí, ìbáà ṣe lójú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí Ràṣídì wá iṣẹ́ wá sí Lomé, Adùnọlá náà ló mú un lọ bá Madame Béatrice tó ni ọgbà. Madame bi í bóyá ó mọ katakata wà. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń wà á nínú oko ọ̀pẹ ní Pobè. Adùnọlá mọ̀ pé kò sí ibi tí Ràṣídì jókòó sí lórí katakata oko ọ̀pẹ ju ẹ̀yìn lọ, láàárín ìdì ẹyìn. Ṣùgbọ́n báwo ni ìyàwó ṣe máa sọ ọmọ ilé ọkọ di onírọ́ lójú ẹni ẹlẹ́ni? Ó tẹ orí ba, kò fọhùn.

Bí wọ́n ṣe fi katakata lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ìgbàkígbà tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bíréèkì ọwọ́ hàn án, Ràṣídì á bú sẹ́rìn-ín: “Ìyàwó, ṣé ìwọ lo fẹ́ máa kọ́ ọkọ rẹ níṣẹ́?” Adùnọlá náà á rẹ́rìn-ín. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ẹ̀rín yẹn ló gbé wọn dé ìdí ògiri yìí.

“Constant!” Adùnọlá pariwo. “Lọ gbé búlọ́ọ̀kù wá, kó o fi há ẹ̀yìn táyà kejì. Táyà ọ̀hún lọ́hùn-ún, kì í ṣe èyí! Yára!”

Constant sáré jáde. Adùnọlá gun katakata. Ó tàsé àtẹ̀gùn, ó fi eegun ojúgun gbá irin, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ó jókòó. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n lórí bíréèkì náà. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá yọ̀, itan Ràṣídì ni yóò san án. Ó ń sọ̀rọ̀ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ ọwọ́: dúró, jọ̀wọ́, dúró.

“Pa iná rẹ̀!” Ràṣídì ké. “Pa á! Ó ń fún mi mọ́ ògiri!”

“Bí mo bá pa á, kò ní tan mọ́, Adúmáadán. Bátìrì ti kú. Ẹ́ńjìnnì yìí ni màá fi wà á síwájú.”

Ràṣídì kò ṣàìmọ̀. Òun gan-an wà lára àwọn tó ti katakata náà lẹ́yìn kó tó tan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gba gbogbo ohun tó mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó ń wá irin kékeré tí wọ́n máa ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó láti fi pa ẹ́ńjìnnì.

“Ọkọ mi, ẹ fi í sílẹ̀.”

Ràṣídì tún na ọwọ́ sí i.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.”

Ìka rẹ̀ ti ń kan irin náà. Caramel ta ilẹ̀kùn nípàá gbàà, pákó kan já, ó fò kọjá lórí Ràṣídì. Adùnọlá kò lè ká ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, kò lè ká ọwọ́ kúrò lórí ìtọ́kọ̀. Ẹnu nìkan ló kù fún un.

“Ràṣídì!”

Ó dún ju ẹ́ńjìnnì lọ.

“Ràṣídì, ọwọ́ rẹ! Gbé ọwọ́ rẹ lé orí! Bí o bá fa irin yẹn, ibẹ̀ lo máa kú sí.”

Ràṣídì fa ọwọ́ padà. Ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo obìnrin náà. Pẹ̀lú gbogbo ìrora tó wà lára rẹ̀, ìyàlẹ́nu borí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń fìyà jẹ.

Constant dé pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó há a sẹ́yìn táyà kejì, ó tún lọ gbé òmíràn wá. Adùnọlá ti jíà síwájú. Ó ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀, ó ń ka Bísímílà lábẹ́ ahọ́n. Katakata gbọ̀n. Ó kọ́kọ́ rọ́ sẹ́yìn, Ràṣídì figbe ta, Adùnọlá rò pé òun ti pa ọmọ ọlọ́mọ. Búlọ́ọ̀kù dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni táyà rọra lọ síwájú, ó tún lọ díẹ̀ sí i, Ràṣídì sì yọ̀ lulẹ̀ nídìí ògiri. Constant ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀, ó wọ́ ọ jáde síta.

Wọn kò tíì dé ìta tán tí ilẹ̀kùn Caramel fi ya. Ẹṣin náà sáré kọjá lára katakata, ó bá pápá lọ. Adùnọlá ṣì wà lórí ìjókòó. Ó ti fa bíréèkì ọwọ́, ó ti pa iná, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti kúrò lórí bíréèkì. Constant ló padà wá, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ń pè é ní Davi, Davi, títí tó fi sọ̀ kalẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní egungun kò ṣẹ́. Ẹran itan ló fọ́, ó sì wú. Wọ́n fi báńdéèjì wé e, wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n ní kí ó máa lọ.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ní Gbossimé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wọn délé. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni Ràṣídì ti pe ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin ní Pobè, ìyá náà sì ti pe Sùlìámọ́nù ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta táyà. Ọkùnrin náà ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń retí wọn. Wọ́n tẹ́ Ràṣídì sórí ẹní, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè.

“Ìyá ní o pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí,” Sùlìámọ́nù wí. “Wọ́n ní o pè é bí ẹni ń lé ewúrẹ́.”

“Ó ń kú lọ ni, Bàbá Ìdùnnú.”

“Mo mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwọ náà. Ṣùgbọ́n o mọ ẹnu Ìyá. Kúnlẹ̀, kó o bẹ̀ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ má di ti ẹbí.”

Adùnọlá kúnlẹ̀. Kò bínú. Ilé ọkọ ni ilé ọkọ ń jẹ́.

“Adúmáadán, ọkọ mi, orúkọ yín tí mo pè, ẹ fi jì mí.”

Ràṣídì mi orí. Òrùlé ló ń wò.

Orí ìkúnlẹ̀ náà ni Adùnọlá wà tí fóònù rẹ̀ dún. Madame Béatrice ni. Sùlìámọ́nù fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́. Madame fi èdè Faransé béèrè ara Ràṣídì, ó ní òun á rán oògùn wá. 

“Adùnọlá, bí ó bá gbádùn tán, ṣé kí ó padà sórí katakata? Ọjọ́ tó dé, lójú rẹ ni mo ti bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n wà. O ò fọhùn. Ìwọ ni mò ń bi lónìí.”

Sùlìámọ́nù tẹ̀ síwájú. “Ní bẹ́ẹ̀ ni,” ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. “Bí ẹṣin bá dáni, ṣebí a máa ń tún un gùn ni.”

Ẹ̀rù tún mú Adùnọlá, bí ó ti mú un láàárọ̀. Láàárọ̀, ẹ̀mí ẹnì kan ló ń bà á lẹ́rù. Nísinsìnyí, ilé rẹ̀ ni, ọkọ rẹ̀ ni, ẹnu Ìyá Pobè ni. Bó bá sọ̀rọ̀, wọn ò ní gbàgbé. Bó bá sì dákẹ́, yóò tún máa dúró de ìgbà tí igbe máa jáde láti inú ilé ẹṣin. Ó wo ẹsẹ̀ tí wọ́n wé lórí ìrọ̀rí.

“Rárá, Madame,” ó wí. “Kò mọ̀ ọ́n wà. Kò wà á rí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́.”

“Merci,” ni Madame fi dúpẹ́, ó sì gé fóònù.

 Sùlìámọ́nù dìde dúró, ojú rẹ̀ ti yí.

“Adùnọlá! Lórí ìkúnlẹ̀ tó o ti ń tọrọ àforíjì, níbẹ̀ lo tún ti dójú ti àbúrò mi?”

“Ẹṣin ni wọ́n fi pa òwe, Bàbá Ìdùnnú. Wọn ò fi katakata pa á.” 

“Mo ní o dójú ti ilé wa!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó.”

Ràṣídì ló sọ̀rọ̀. Wọ́n wò ó. Omi ti kún ojú rẹ̀, ó ń ṣàn lọ sí etí, kò sì nù ún.

“Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún gbé mi gun nǹkan yẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ jókòó lé e ni ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí. Àràárọ̀ ni inú máa ń run mí kí n tó tan án. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lójú ìyàwó ni.”

Sùlìámọ́nù wo àbúrò rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ló jókòó. Adùnọlá dìde lórí ìkúnlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó dìde, ó lọ bu omi tí Ràṣídì máa fi lo oògùn.