Mú Ọwọ́ Kúrò Lẹ́nu

Èmi ni mo ní kó lọ to eyín rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wá dókítà kiri, kí wọ́n má sì bú àbúrò mi. Èmi ni.

Iṣẹ́ mi ni pé mò ń fi simẹ́ǹtì funfun mọ eyín. Nílé ìwòsàn eyín tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn pátápátá ni yàrá tèmi wà, fèrèsé kan ṣoṣo ló sì ní. Dókítà á fi nǹkan rírọ̀ kan sẹ́nu aláìsàn, aláìsàn á gé e jẹ, wọ́n á gbé e sáré wá bá mi, èmi á da simẹ́ǹtì sí i. Tó bá le tán, eyín onítọ̀hún ti dé orí tábìlì mi nìyẹn, tòun ti gbogbo wíwọ́ rẹ̀. Mo mọ eyín àwọn èèyàn tí mi ò mọ ojú wọn rí. Nínú ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí eyín tó yọ síta tó ti àbúrò mi.

Ìyá wa ló ni ẹnu yẹn kó tó fi í sílẹ̀ fún un. Ìyá wa kú nígbà tí àbúrò mi wà lọ́mọ ọdún méje. Fọ́tò rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá wa, tó ń tún aago ṣe, ló dá tọ́ wa dàgbà. Òun ló sọ àbúrò mi ní Àwòrán, torí ó ní bí òun bá ti wo ọmọ náà, òun ti rí ìyàwó òun.

Níléèwé ńkọ́? Eléyín Gan-n-gan ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn ló gbé ọwọ́ sẹ́nu, kò sì gbé e kúrò mọ́. Á fi ọwọ́ sẹ́nu rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ sẹ́nu kí èèyàn. Ó tún wá lọ di olùkọ́. Ọwọ́ tó fi ń mú ṣọ́ọ̀kì náà ló fi ń bo ẹnu, nítorí náà, lójoojúmọ́ ayé, ṣọ́ọ̀kì máa ń wà létè rẹ̀ òkè bí irunmú. Bàbá ò sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà. "Àwòrán, mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu, jẹ́ kí n rí ẹ." Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni àbúrò mi. Ìyẹn nìkan ni kò gbọ́ rí.

Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì nígbà tí mo sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ orí mi yìí? Kí n wá máa kó irin sẹ́nu bí ọmọdé? Àwọn ọmọ kíláàsì mi á ní tíṣà ti fi géètì sẹ́nu."

"Kí wọ́n sọ ọ́. Géètì sàn ju ọwọ́ lọ."

Dókítà ò purọ́ fún wa. Ó mú ìwé kan, ó fi bírò ya ojú èèyàn láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní eegun àgbàlagbà ti gbó, kì í tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ bíi ti ọmọdé. Òun á yọ eyín mẹ́rin kí àyè lè wà, òun á wá máa fi irin fa àwọn tó wà níwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, fún nǹkan bí ọdún méjì. Ó ní kì í sì í ṣe eyín nìkan ló máa yí. Ètè tó ti fẹ̀yìn ti eyín láti kékeré á wọlé, àgbọ̀n á hàn, imú á dà bí ẹni pé ó gùn sí i.

"Ojú yín máa yàtọ̀ o," ló wí.

Àbúrò mi fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn.

Ohun tí a ò sọ fún dókítà, torí kò bi wá, ni pé bàbá wa ti ń gbàgbé. Yàrá ẹ̀yìn nílé mi ló ń gbé. Ó ti gbàgbé aago, ó ti gbàgbé àdúgbò, ó ti gbàgbé pé ìyàwó òun ti kú. Ó máa ń bi mí bóyá ìyẹn ti dé. Èmi tí mò ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń fọ aṣọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ló ń pè mí. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun ma." Ẹ ṣeun ma, fún ọmọ tó bí! Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó mọ̀. Bí àbúrò mi bá ti dé lọ́jọ́ Sátidé, tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ojú bàbá á tàn. "Àwòrán, o ti dé."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó máa ń dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ni irin fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú irin náà ń tì í, ló bá tún wá ń bo ẹnu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Sátidé, á jókòó ti bàbá, á máa ti abẹ́ ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, bàbá á ní kó mú ọwọ́ kúrò, àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ ọwọ́ yẹn, ojú ń yí. Èmi nìkan ni mò ń rí i, torí oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń mọ eyín rẹ̀. Mo tò wọ́n sórí pẹpẹ, mo kọ déètì sídìí wọn, orí mi sì ń wú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ irin náà, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ wò ó. Wọ́n ní funfun niyì eyín. Ẹ wá wo funfun, ẹ wá wo títò. Ètè rẹ̀ méjèèjì pàdé ara wọn láìwá olùrànlọ́wọ́. Ó ní àgbọ̀n. Wọ́n ní bí ojú bá balẹ̀, á rí imú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo tó rí imú àbúrò mi. Ó rẹwà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ bá bàbá. Láti kékeré ló ti ń bẹ̀ mí. Mo fẹ́ lọ mú ọwọ́ kúrò fún un."

Ọjọ́ náà kì í ṣe Sátidé, ṣùgbọ́n a lọ. Bàbá jókòó létí fèrèsé. Àbúrò mi bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Bàbá na ọrùn síwájú, ó wò ó fínnífínní bó ṣe máa ń wo inú aago láyé ọjọ́un. Ó wá ń gbìyànjú láti dìde, torí àlejò.

"Ẹ káàbọ̀ ma. Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ wá jókòó. Ta ni kí n bá yín pè?"

Mo ti gbọ́ "ẹ" yẹn lẹ́nu bàbá mi títí ó fi mọ́ mi lára. Àbúrò mi kò gbọ́ ọ rí. Ó yíjú sí mi bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Bàbá, èmi ni. Àwòrán."

"Rárá o," ni bàbá fi pẹ̀lẹ́tù wí. "Mo mọ Àwòrán. Sátidé ló máa ń wá."

A ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. A dúró de Sátidé; bákan náà ni. Sátidé kejì, mo gbé eyín simẹ́ǹtì tí mo kọ́kọ́ mọ, ti ìgbà tí wọn ò tíì yọ ohunkóhun, mo kó o sí báàgì wálé. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Mo gbé e lé bàbá lọ́wọ́. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí wọ́n ń gbà ṣí i.

"Nọ́ọ̀sì," ló wí, "ẹni tó gbàgbé eyín yìí á ti máa wá a. Ẹ bá a tọ́jú ẹ̀ o."

A bú sẹ́rìn-ín. Ti àbúrò mi di ẹkún. Nígbà tí a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bi mí pé bí òun ò bá lo ike náà mọ́, ṣé eyín òun á padà? Ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí dókítà ní kó máa fi sùn, kí eyín má baà sá padà síbi tó ti wá. Èmi ni mo ṣe é.

"Wọ́n á wọ́ díẹ̀," mo wí. "Ṣùgbọ́n mẹ́rin ti lọ. Wọn ò lè dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Kò sọ pé èmi ni mo fà á. Ì bá sàn kó sọ ọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo ti bi ara mi léèrè bóyá, nígbà tí mò ń tì í lọ síbẹ̀, ibì kan wà nínú mi tó fẹ́ kó jẹ́ pé àwa méjèèjì ni bàbá ò mọ̀. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé mi ò rò ó. Síbẹ̀, mo ṣì ń béèrè.

Sátidé kẹrin, ó jókòó bí àlejò, bàbá sì ń dá a lára yá bí àlejò. Ó ní òun ní ọmọbìnrin kan. Tíṣà ni. Ọmọ dáadáa ni, àfi pé ojú máa ń tì í, kò sì yẹ kí ojú tì í, torí ẹnu ìyá rẹ̀ ló ní. Àbúrò mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó gbé ọwọ́ sẹ́nu kí ẹkún má baà jáde.

Bàbá tẹjú mọ́ ọwọ́ náà.

"Àwòrán! Ìgbà wo lo dé?"

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú. Ó bi í nípa iléèwé. Ó bi í bóyá ó pàdé ìyá rẹ̀ lọ́nà. Àbúrò mi ń dá a lóhùn lábẹ́ ọwọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bíi ti àtijọ́. Ó tó ìdajì wákàtí tí wọ́n fi sọ̀rọ̀. Bàbá wá rẹ́rìn-ín.

"Mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu, jẹ́ kí n rí ẹ."

Àbúrò mi wò mí. Mo mi orí fún un pé rárá. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún márùndínlógójì tí bàbá ti ń bẹ ẹ̀bẹ̀ kan náà, kò sì gbọ́ ọ rí. Ó mú ọwọ́ kúrò.

Bàbá wò ó. Mo rí ibi tí ọ̀yàyà ti kúrò lójú rẹ̀, tí ọ̀wọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó rọra jọ̀wọ́ ọwọ́ tó dì mú. Ó wo ẹ̀yìn àga, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú ma," ló wí. "Ọmọ mi kan wà níbí lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ bá mi rí ibi tó gbà?"

"Mo rí i, sà," ni àbúrò mi dáhùn. "Ó ní òun ń bọ̀."

Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi etí aṣọ nu ojú. Ó gbé ọwọ́ sẹ́nu, ó tún bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé.

"Àwòrán, o ti dé," ni bàbá wí. "Mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu."

Àbúrò mi mi orí, ó jókòó tì í, ó sì tẹ ọwọ́ náà mọ́ ẹnu gírígírí.