Igi Àjà Kẹta

Kọ́, kọ́, kọ́. Obìnrin káfíńtà náà tún fi òòlù kan igi àjà kẹta, ó sì gbé etí lé e bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Ó wá wo ìsàlẹ̀ àkàsọ̀, níbi tí bàbá rẹ̀ dúró sí, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ láti ìgbà tí kò tíì ga ju tábìlì lọ.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gòkè wá."

"Kí ló dé? Ọ̀la mà ni wọ́n máa ṣí gbọ̀ngàn yìí."

"Mo mọ̀, sà."

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kì í ṣe ẹni à ń pè gun àkàsọ̀, síbẹ̀ bàbá gòkè. Gbogbo àga tí àwọn ọmọ ilé-ìwé yìí ti fi jókòó láti ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn tuntun náà. Òun náà sì ti fọ́nnu pé òun fúnra òun ni yóò so igi àjà rẹ̀, kí iṣẹ́ ìkẹyìn òun lè jẹ́ àwòṣífìlà.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ìsopọ̀ náà. Ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan; ó ti ń ṣe bàìbàì fún ìgbà díẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìka rẹ̀ ló bá a pàdé. Igi náà ti là, tín-ín-rín bí irun, láti ìdí ìṣó wọ inú lọ.

"Bí a bá kan pákó bò ó," ó rọra wí, "ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi, sà. Àti ẹ̀yin."

Ẹ̀rín pa bàbá débi pé àkàsọ̀ mì. "Ta ló tiẹ̀ bí irú rẹ?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ di àkàsọ̀ mú, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó gba ọ́fíìsì obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé lọ.

"Ìyá ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ bá wa sún ọjọ́ náà síwájú."

"Háà, bàbá! A ti pe gbogbo ayé! Kí ni ká wí fún wọn?"

"Ẹ ní mo ṣe àṣìṣe, ọmọ mi rí i, a sì ń tún un ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ rántí mi o, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sábẹ́ igi tó là nítorí orúkọ mi."

Ìyá ọ̀gá mú bírò. "Ọjọ́ wo lẹ máa parí?"

"Ẹ bi ọ̀gá wa," ó ní, ó nawọ́ sí gbọ̀ngàn. Ó yà á lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rọ̀ ọ́ lẹ́nu tó. Wọ́n ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Òun kò tíì kú o, ọmọ ti gba iṣẹ́!

Nígbà tó padà dé, ọmọ rẹ̀ ti gbé igi tuntun kalẹ̀, ó ti fa ìlà sí i. Bàbá di ìdí igi náà mú.

"Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́," ó wí.

"Mo mọ̀, sà. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń tẹ̀lé yín lẹ́yìn, tí mò ń tún ibi tó bá kù díẹ̀ ṣe." Ó gbé ayùn lé ojú ìlà. "Ẹ dì í mú dáadáa."

Bàbá rántí àwọn ilẹ̀kùn àti ibùsùn tí àwọn èèyàn tìtorí wọn yìn ín lọ́dún yìí, àti bí òun ṣe ń gba ìyìn náà bí ẹni ń gba ẹ̀tọ́. Kò bà á nínú jẹ́. Ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó di igi náà mú ṣinṣin, ayùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tààrà.