Òdo Mọ́kàndínlógójì Lára Tábìlì

"Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yẹn sílẹ̀, baálé mi! Tábìlì lẹ kàn, ẹ ti sọ ọ́ di àmọ̀tẹ́kùn!"

Káfíńtà tún fa òdo mìíràn lójú ìyàwó rẹ̀. Àléébù ló ń wá. Gbogbo ibi tó bá ti fura sí ló ń fi ṣọ́ọ̀kì yí po, òdo mọ́kàndínlógójì lára tábìlì kan ṣoṣo! Kí oníbàárà tó wí, òun á ti bá iṣẹ́ ara rẹ̀ wí. Ìdí nìyí tí àdúgbò fi ń pè é ní Kò-Tíì-Dáa. Àga tó kàn lọ́dún méje sẹ́yìn, bí erin bá jókòó lé e tó sì bí ìbejì síbẹ̀, kò ní dún kíún. Káfíńtà á ṣì sọ pé ẹsẹ̀ àga náà kan wọ́.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá ilé-ìwé ń bọ̀ wá wo tábìlì yìí. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Káfíńtà ni yóò kan gbogbo àga ilé-ìwé tuntun. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ rí.

"Bí wọ́n bá yìn yín, 'ẹ ṣeun' ni kí ẹ sọ, kí ẹ panu dé," ni ìyàwó rẹ̀ kìlọ̀ fún un.

Kí obìnrin náà tó rí àkísà tí yóò fi nu tábìlì, ọ̀gá ti wọlé.

"Káfíńtà, òdo kí nìyí? Kò sí olódo tó gba tó báyìí rí nílé-ìwé mi!"

"Àléébù ni, mà." Ìyàwó rẹ̀ fi gìgísẹ̀ tẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Yéè! Ẹ ṣeun, mà!"

Ọ̀gá wọ awò ojú. Ó wo òdo kìíní, ó fọwọ́ pa á, ó bọ́ sí ìkejì. Ó wò wọ́n títí irùngbọ̀n Káfíńtà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dé orúnkún.

"N kò rí nǹkan kan. Ẹ wá fi hàn mí."

Káfíńtà wò ó, ó tún un wò, ó fi imú kan igi. Òun náà kò rí i mọ́.

"Ó... ó wà níbí láàárọ̀, mà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. "Ó dáa. Ẹ wá yí ibi tó dáa po fún mi."

Káfíńtà mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Ó lóṣòó, ó fa ìlà sórí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀, ó ń fà á yí gbogbo tábìlì ká, títí ìlà fi pàdé ara rẹ̀. Ìgbà tó nàró ló rí i pé òun náà wà nínú òdo ọ̀hún. Ó gbé ẹsẹ̀ kan láti jáde.

"Ẹ dúró síbẹ̀ o," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Káfíńtà sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí ọ̀gá.

"Ẹ ṣeun, mà. Èmi ni mo kàn án."