Ìtàn Tí Kò Fẹ́ Parí

Àǹtí Olólùfẹ́ ni àwọn tó ń ka ìtàn rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń pè é. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń gbé abala tuntun jáde, ẹni tó bá sì fẹ́ kà á yóò kọ́kọ́ sanwó. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò pọ̀: ibi tó bá ti dùn jù ni kó gé e sí. Láti ìgbà òjò ni dókítà inú ìtàn ti kúnlẹ̀, tó ní kí ọmọge fẹ́ òun. Lọ́jọ́ tí ọmọge fẹ́ dáhùn, iná lọ. Nígbà tí iná dé, ìyá dókítà dákú. Àwọn òǹkàwé ń bínú, wọ́n sì ń sanwó.

Ta tiẹ̀ ni dókítà yìí, bí kò ṣe atúnfóònù-ṣe tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìsàlẹ̀ ilé wọn? Àǹtí kàn wọ̀ ọ́ láṣọ funfun ni. Ìka tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń ṣí ẹ̀yìn fóònù, bí ẹni ń tú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn olólùfẹ́, ìka dókítà gan-an nìyẹn. Ojú rẹ̀ a máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ a ní, "Bátìrì rẹ ti ń kú o."

"Ọkùnrin yìí á pa mí," ló máa ń wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan. "Kí ló ń dúró dè?"

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n gbé fóònù tó fọ́ lójú lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín bọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Ìwọ ló ń dúró dè! Ìgbà tó ń tún fóònù rẹ ṣe ló rí i pé ìwọ lo ń kọ ìtàn yẹn. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, tí ọmọge yẹn bá gbà, èmi náà á bi àbúrò yín bóyá á fẹ́ mi. Tó bá kọ̀, màá pa ẹnu mi mọ́.'"

"Láti ìgbà òjò?"

"Ó sì ń sanwó! Àbúrò mi, ò ń gbowó lọ́wọ́ ọkọ rẹ kó má baà fẹ́ ọ."

Àǹtí jókòó. Ìtàn yìí ló ń san owó yàrá. Tó bá parí, ta ni yóò tún sanwó? Ó gé èékánná jẹ, ó mí kanlẹ̀, kò sì dúró de Jímọ̀. Ó kọ ọ́: ọmọge ní, "Mo gbà." Iná kò lọ. Ẹnikẹ́ni kò dákú.

Kíá ni àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. "Ṣé bó ṣe máa parí rèé?" "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá dókítà tún dákú!"

Ẹsẹ̀ dún lórí àtẹ̀gùn. Atúnfóònù-ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́, òógùn lójú.

"Ó gbà," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Àǹtí lanu. Ibi tó dùn jù nìyí, ó sì ti mọ́ ọn lára: ẹnu rẹ̀ kàn dúró síbẹ̀ ni. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó wá wo fóònù rẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tí yóò ti sanwó.

"Dá a lóhùn!" ẹ̀gbọ́n kígbe lẹ́yìn kọ́tìnnì. "Ìtàn kọ́ lèyí!"

"Mo gbà," ni Àǹtí wí, lọ́fẹ̀ẹ́.