Ẹrẹ̀ Tí Kò Padà Wá Sókè

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí ẹrẹ̀ kọ̀ tí kò padà wá sókè mọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni obìnrin tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Jìnnìjìnnì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀, òun sì ni ọ̀gá wọn. Ekòló ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n náà, nítorí ó máa ń fọ́nnu pé bí òun bá ti júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Tí ẹ̀rọ bá ń lu ilẹ̀, wọ́n á máa fi pọ́ǹpù ti omi tí wọ́n po amọ̀ mọ́ gba inú irin lọ sísàlẹ̀. Omi ẹrẹ̀ náà á kó òkúta wẹ́wẹ́ tí irin fọ́, á gba ẹ̀gbẹ́ irin padà sókè, á sì tú sínú kòtò tí Jìnnìjìnnì jókòó tì. Ohun tí ojú ò lè rí nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ ló ń wá ròyìn rẹ̀.

Ilé ìwòsàn àwọn aboyún ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ooru ibẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Ìyá á bímọ tán, kò ní mọ èyí tó jẹ́ òógùn yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ omijé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀ẹ̀mejì ló jóná. Ni àwọn aláṣẹ bá ní kí wọ́n fi ilẹ̀ mú ilé náà tutù. Bó ti wù kí oòrùn ràn tó, ikùn ilẹ̀ kì í gbóná bí òkè. Wọ́n á gbẹ́ ihò tó jìn, wọ́n á ki páìpù bọ̀ ọ́, omi á máa lọ á máa bọ̀ nínú páìpù náà, á máa ru ooru inú yàrá lọ dà sínú ilẹ̀. Ihò méjìlá ni wọ́n fẹ́. Mẹ́wàá ti parí láìsí wàhálà. Ìkọkànlá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn, kò ju ìgbésẹ̀ márùn-ún lọ sí ògiri wọ́ọ̀dù àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun.

Jìnnìjìnnì ti ọ̀pá bọ inú kòtò. Ẹrẹ̀ tó ń kan orúnkún ṣẹ̀ṣẹ̀ yìí ti fà dé kókósẹ̀. Àyà rẹ̀ já.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá a dúró! Ẹrẹ̀ ò padà mọ́ o!”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. “Èwo tún ni, Jìnnìjìnnì?”

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò lè bá wọn jà, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Lọ́dún tó kọjá, ó ní òun ń gbóòórùn gáàsì, gbogbo wọn sá jáde, ṣalángá aládùúgbò ni wọ́n bá. Ó tún pariwo lọ́jọ́ kan pé irin fẹ́ já. Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi tú u palẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan.

“Ilẹ̀ yìí ń mumi ni,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Po òmíràn sí i. Jẹ́ kó ki, á dí i.”

Ó po táńkì kan, ó lọ. Ó po èkejì, ìyẹn náà lọ, bí ẹni ń pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀. Ibi tó ń lọ gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Omi kì í ṣàdédé pòórá. Tí táńkì méjì bá wọlẹ̀ tí kò jáde, a jẹ́ pé àyè tó gbà á wà nísàlẹ̀, àyè náà kò sì kéré.

Ibi tó ti ń rò ó ni irin ti já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò lu nǹkan kan, kò gún nǹkan kan. Ó kàn já tó ìwọ̀n apá kan, bí ẹsẹ̀ ẹni tó rò pé àtẹ̀gùn ṣì ku ọ̀kan.

Ẹ̀rín tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ nu ojú.

“Ilẹ̀ rírọ̀ ni,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀ ná.”

Jìnnìjìnnì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun kì í sinmi kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó sún mọ́ ọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọlọ́mọ wà lẹ́yìn ògiri yẹn.”

“Mo mọ̀. Ṣé kí n wá lọ sọ fún àwọn aláṣẹ pé mo wá ilẹ̀ tì? Lónìí lónìí ni wọ́n á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Lọ jókòó jẹ́ẹ́.”

Ó jókòó, ṣùgbọ́n ìjókòó náà kò gbà á. Ó ní òun fẹ́ lọ mumi, ó sì yípo lọ sí iwájú wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì kan ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó ń kùn pé ilẹ̀kùn yìí kò ṣe báyìí láàárọ̀. Jìnnìjìnnì yọjú wọlé. Obìnrin mẹ́jọ ló wà nínú, ọmọ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìlà sísán kan, tín-ín-rín bí irun orí, ti abẹ́ ògiri jáde, ó gba orí táìlì, ó kọjá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjì tó wà ní igun.

Ó ń bẹ̀rù kó má lọ jẹ́ irọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó sì ń bẹ̀rù ju bẹ́ẹ̀ lọ kó má lọ jẹ́ òótọ́. Ó di ògiri mú. Bó ṣe rántí ohun tó wà lábẹ́ ògiri náà, ó yára jù ú sílẹ̀.

Ó bá Mátírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, nínú ọ́fíìsì. Àgbàlagbà obìnrin ni, ó sanra, okùn awò ojú rẹ̀ wà lọ́rùn.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọlọ́mọ jáde.”

“Kó wọn lọ síbo? Kí ló dé?”

“Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn... mo rò pé ó ṣófo.”

Mátírọ́ọ̀nù yọ awò ojú. “O rò ni, àbí o mọ̀?”

“Mo rò ni, mà. Ẹ̀rù máa ń tètè bà mí. Bí ẹ bá bi ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á ní kí ẹ má dá mi lóhùn.”

Mátírọ́ọ̀nù ti ìwé iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Láti àná,” ló wí jẹ́jẹ́, “ni obìnrin tó ń nulẹ̀ ti ń ṣàròyé fún mi pé omi ń ṣàn lọ dúró ní igun wọ́ọ̀dù. Mo ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é.” Ó dìde. “Bó bá jẹ́ irọ́, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò pààyàn. Gbéra, ọmọ mi.”

Wọ́n kó àwọn ọlọ́mọ lọ sábẹ́ igi ńlá ẹ̀bá géètì. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni ènìyàn mẹ́rin fi gbé e. Jìnnìjìnnì ló gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ obìnrin náà sílẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n Jìnnìjìnnì sáré dé.

“O ti tà mí! Ọmọ ìyá mi ló wá dójú tì mí yìí!”

“Ẹ bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dúró síbí kí ẹ máa bínú sí mi. Ẹ ṣáà má padà síbẹ̀.”

“Irin mi wà nínú ilẹ̀,” ló dáhùn, ó sì padà lọ fà á.

Wákàtí kan kọjá. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Òjìji igi yẹ̀, oòrùn bọ́ sí wọn lórí, àwọn ọmọ ń ké. Láti ibi tí wọ́n wà, wọ́n ń rí ẹ̀rọ, wọ́n sì ń gbọ́ bó ṣe ń fa irin jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ́rọ́wọ́.

“Ṣé torí ojo ẹnì kan la ṣe ń yan bí àgbàdo báyìí?” ni obìnrin kan tó ga, tó dúdú, bèèrè. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun ń bọ̀.

Ojú gba Jìnnìjìnnì tì. Ó ti yíjú sí Mátírọ́ọ̀nù láti sọ pé kí wọ́n máa wọlé, nígbà tí ohùn ẹ̀rọ yí padà.

Kì í ṣe ariwo ló kọ́kọ́ wá. Èémí ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá ti há èémí mọ́ra pẹ́, tó wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Òpó ẹ̀rọ náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ fò!”

Ó fò. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wọlẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì há sétí ihò. Ilẹ̀ gbé táńkì mì, ó gbé pọ́ǹpù mì, ó gbé ẹ̀rọ mì. Lẹ́yìn náà ni igun wọ́ọ̀dù ya, páànù òrùlé han goorogo, bẹ́ẹ̀dì méjì sì tẹ̀ lé ara wọn wọ inú ihò. Eruku bo gbogbo rẹ̀.

Jìnnìjìnnì kò lè sáré lọ. Ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan tó máa ń to irin ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja létí ihò, tó di ọ̀gá rẹ̀ lẹ́wù mú, tó fà á jáde. Ẹsẹ̀ òsì ọ̀gá ti kán.

Mátírọ́ọ̀nù ń ka àwọn obìnrin. “Méje.” Ó tún wọn kà. “Méje.”

Obìnrin tó ga yẹn ni kò sí níbẹ̀.

“Ta ló rí i?”

“Ó ní òun ń bọ̀,” ni ẹni tó gbé ọmọ rẹ̀ dání wí. “Mo rò pé... aṣọ ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì.”

Jìnnìjìnnì wo ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó wo eruku náà, ó ń pe obìnrin tí kò mọ orúkọ rẹ̀. “Ìyá ọmọ! Ìyá ọmọ o!” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún pè. Mátírọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sókè.

Nígbà tó yá, obìnrin náà yọ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, aṣọ tútù wà lórí rẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ omi ló lọ.

“Kí ló dún gbì yẹn?” ló bèèrè.

Mátírọ́ọ̀nù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń sunkún.

Àwọn tó mọ̀ nípa òkúta wá wo ibẹ̀. Wọ́n ní omi ti ń jẹ òkúta ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, abẹ́ igun wọ́ọ̀dù náà ti di ihò gbáàràgbá. Ọjọ́ kan ni ì bá wó, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń lù ú àti táńkì ẹrẹ̀ méjì tí wọ́n dà sí i ló jẹ́ kó yá. Jìnnìjìnnì fúnra rẹ̀ ló po ẹrẹ̀ náà. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó máa ń ta jí lójú oorun ọ̀sán, á ní ilẹ̀ ń fà.

Lọ́jọ́ tó lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kọ́.

“Nígbà tí irin já wálẹ̀, mo mọ̀. Ẹ̀rù tó bà mí ju tìrẹ lọ. N kò kàn lè sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́.”

Jìnnìjìnnì bá a tún ìrọ̀rí ṣe.

Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ihò ńlá náà, wọ́n tún igun wọ́ọ̀dù kọ́, wọ́n sì lọ gbẹ́ ihò méjì tó kù sí òdìkejì, níbi tí òkúta ti le. Oṣù keje rẹ̀ ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ilé tutù. Mátírọ́ọ̀nù ránṣẹ́ pe Jìnnìjìnnì pé kó wá wò ó.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lójú. Àwọn ọmọ ń sùn, kò sí èyí tó ń làágùn. Ṣùgbọ́n táìlì náà tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀, kò sì lè gbẹ́sẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí,” ni obìnrin kan ké sí i láti bẹ́ẹ̀dì ìkangun. “Òtútù ń mú ọmọ mi. Ẹ bá mi mú aṣọ yẹn.”

Aṣọ náà wà lórí àga. Ó mú un. Ó dé àárín yàrá kí ẹ̀rù tó gbá a mú. Obìnrin náà ti na ọwọ́, ó ń retí. Jìnnìjìnnì tún gbẹ́sẹ̀ kan sí i.