Ìpayà Alága

Wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rọ́pò. Bàbá kan wà tó ń tún aago ṣe, ó bímọ o, ọmọ gidi tó kàwé! Ṣùgbọ́n nígbà tó kú tán, ẹja pupa kan nínú àpótí gíláàsì nìyàwó ẹ̀ dì mọ́. Alága ni bàbá sọ ẹja náà, torí àárín ló máa ń dúró sí, kò ní sọ nǹkan kan, gbogbo ilé á sì máa wò ó lẹ́nu.

Ọmọ wọn obìnrin, tí àdúgbò ń pè ní Dókítà Ẹja torí iṣẹ́ ìwádìí ẹja tó ń ṣe, ò lè wọ yàrá yẹn kó má rántí. Bàbá á dé láti ibi iṣẹ́, á bọ́ bàtà, á fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. "Alága, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́wọ́ oníbàárà lónìí?" Ìyá á máa rẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná. Háà, ìgbà yẹn dùn!

Ní báyìí, Alága ò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́.

"Ó ń ṣàárò bàbá ẹ ni," ìyá ní. "Mo rí i lójú ẹ̀."

"Màámi, ojú ẹja kì í yí padà. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìyà bá ń jẹ ẹ́ níbí, màá gbé e lọ sí adágún wa níbi iṣẹ́."

"O ò ní gún un lábẹ́rẹ́ o!"

Ọmọ fi í lọ́kàn balẹ̀. Nǹkan kan wà tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí àyà bá ń já. Tẹ́lẹ̀, àwọ̀n ni wọ́n fi ń mú ẹja kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ẹ̀rù àwọ̀n nìkan á sì ti ba ìṣirò jẹ́. Ní báyìí, kí ẹja ṣáà mí sínú omi tó mọ́ ni. Díẹ̀ nínú nǹkan ọ̀hún á bá èémí bọ́ síbẹ̀, omi yẹn ni wọ́n á wọ̀n. Ó rọra bu Alága sínú abọ́ omi, ó sì jáde kó má baà dẹ́rù bà á.

Èsì dé láti ibi iṣẹ́. Yéè! Nǹkan ọ̀hún pọ̀ nínú omi débi pé ẹja tí ẹyẹ ń lé ò lè ní tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ gbé garawa wá, ìyá bú sẹ́kún.

"Gbé e lọ. Mi ò ní torí ara mi fìyà jẹ ẹ́." Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó ń fọwọ́ pa Alága lára. Òróró kan tàn sójú omi.

"Màámi, kí lẹ fi para?"

"Ìpara tí dókítà fún mi, torí ara tó ń yún mi."

"Ṣé ẹ fọwọ́ yìí kan omi inú abọ́ níjọ́sí?"

"Ṣé kí n máa wò ó níran ni? O jáde, o fi òun nìkan síbẹ̀!"

Nǹkan tí ara ń tú yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣe ìpara náà; ìpara ọwọ́ ìyá ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ìpayà Alága. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì: Dókítà Ẹja ṣọ́ ẹja, kò ṣọ́ ìyá ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó tún omi mìíràn gbà, lọ́tẹ̀ yìí ìyá káwọ́ sẹ́yìn.

"Màámi, ẹ yọ̀!" ló fi wọlé nígbà tí èsì kejì jáde. "Ara Alága balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ọjọ́ orí ẹ̀ ni ò jẹ́ kó jẹun bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò níbi tó ń lọ."

Ìyá ò yọ̀. Ó ń wo gíláàsì.

"Kò wá ṣàárò bàbá ẹ rárá?"

"Rárá, màámi."

"Mo rò pé àwa méjì la jọ ń ṣàárò ẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ ní akínyẹmí ara. Látìgbà tí wọ́n ti sin bàbá, ẹja ló ń béèrè, omi ló ń gbé lọ gbé bọ̀. Kò dárúkọ bàbá lẹ́ẹ̀kan, kí ìyá ẹ̀ má baà sunkún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbórí lé ìyá ẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Àwa méjì náà ni, màámi. Èmi ni mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀."